Ibi tí ojú irin parí sí: ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ dúró kí ẹ tó dìde

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá fún yín lónìí, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin ni. Kì í ṣe ti ìjàǹbá ńlá tí ọkọ̀ méjì fi ń forí sọ ara wọn láàárín igbó. Ti ìjàǹbá kékeré ni: ti ọkọ̀ tí ó ti dé ilé tán, tí ó ń rọra wọ ibùdó, tí ó wá lọ forí gbá ìdènà tí ó wà ní òpin irin.

Ẹ lè bi wá pé, "Èwo ni ó kàn wá níbẹ̀?" Ó kàn yín. Ẹ fi sùúrù bá wa lọ. Ẹ óò rí i pé ẹni tí kò wọ ọkọ̀ ojú irin rí pàápàá ní ẹ̀kọ́ tí yóò kọ́ nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́ mọ ojú irin dáadáa, nítorí pé ó gba ìlú wọn kọjá. Láti Kútọnu ni irin náà ti bẹ̀rẹ̀, ó gba Bohicon, ó gba Ṣábẹ̀ẹ́, ó sì dé Parakou. Gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 438. Ọdún 1936 ni ó dé Parakou. Wọ́n ti rò pé yóò kọjá níbẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Niger, ṣùgbọ́n kò kọjá. Parakou ni ó parí sí.

Ọ̀nà tí à ń fi ẹsẹ̀ rìn kì í parí bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀nà ọkọ̀ bá tán, ọ̀nà oko yóò bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀nà oko bá tán, ẹsẹ̀ yóò wá ibi tí yóò gbà. Ṣùgbọ́n irin, ibi tí ó bá parí sí, ó parí náà nìyẹn. Ọkọ̀ ojú irin kò lè yà sọ́tùn-ún, kò sì lè yà sósì. Bí kò bá dúró níbi tí ó yẹ kí ó dúró, iwájú ni yóò máa lọ. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń fi ìdènà kan sí ìparí irin. Àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin tí ń sọ èdè Faransé ń pè é ní heurtoir. Ní tiwa, ìdènà òpin irin ni a óò máa pè é.

Oríṣiríṣi ni ìdènà yìí. Níbi kan, òkìtì iyanrìn ni, tàbí igi ńláńlá tí wọ́n dè pọ̀. Níbòmíràn, irin tí wọ́n tẹ̀ tí wọ́n sì so mọ́ ojú irin ni, tàbí ògiri sìmẹ́ńtì. Ní àwọn ibùdó ńlá, wọ́n ń lo èyí tí epo wà nínú rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá tì í, epo náà yóò máa fi agbára gba ihò kékeré kọjá, ìdènà yóò sì máa wọlé díẹ̀díẹ̀ títí eré ọkọ̀ yóò fi tán. Ó tún ku irú èyí tí ó di irin mú bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ. Bí ọkọ̀ bá gbá a, yóò máa wọ́ tuurutu lórí irin fún mítà bíi mélòó kan kí ó tó dúró.

Ṣùgbọ́n ẹ fi èyí sọ́kàn: ìdènà kọ́ ni ó yẹ kí ó dá ọkọ̀ dúró. Awakọ̀ àti bíréèkì rẹ̀ ni iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ wọn. Ọkọ̀ kò tilẹ̀ gbọdọ̀ fi agbára kan ìdènà rárá. Ìdènà dà bí ọgbà tí a ṣe yí ẹnu kànga ká. Nítorí ẹni tí ó bá ṣèèṣì ni a ṣe ṣe é. Kò sí ẹni tí yóò sáré lọ kọlu ọgbà kànga nítorí pé ó mọ̀ pé ọgbà wà níbẹ̀.

Nígbà mìíràn, irú ìjàǹbá yìí a máa pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Ní òru ọjọ́ 2, oṣù Kọkànlá, ọdún 2020, ní ìlú Spijkenisse ní ilẹ̀ Họ́láńdì, ọkọ̀ ojú irin kan já ìdènà òpin irin kọjá. Òkè ni irin náà wà níbẹ̀, ó ga tó nǹkan bíi mítà 10, omi sì wà nísàlẹ̀. Ọkọ̀ ìbá já sínú omi. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣẹ́ ọnà ti gbẹ́ ère ńlá kan sí abẹ́ ibẹ̀ láti ọdún púpọ̀, ère ìrù ẹja àbùùbùtán. Iwájú ọkọ̀ náà gúnlẹ̀ sórí ìrù ẹja, ó sì dúró síbẹ̀. Kò sí èrò kankan nínú ọkọ̀. Awakọ̀ nìkan ni ó wà níbẹ̀, ó sì jáde láìfarapa. Káàkiri ayé ni wọ́n ti wo àwòrán rẹ̀, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín náà dára, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò kú. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: bí èrò bá kún inú ọkọ̀ náà ńkọ́? Bí kò bá sí ìrù ẹja níbẹ̀ ńkọ́? Kì í ṣe gbogbo ibùdó ni ó ní ìrù ẹja lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ gbọ́ èyí tí kò pani lẹ́rìn-ín. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 8, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1991, ọkọ̀ kan tí ó kún fún àwọn tí ń lọ sẹ́nu iṣẹ́ wọ ibùdó Cannon Street ní London. Ọkọ̀ náà kò sáré. Nígbà tí ó kan ìdènà, eré rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kìlómítà 16 ní wákàtí kan lọ. Ọmọ ilé ìwé tí ó gun kẹ̀kẹ́ ológeere lè sáré bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ènìyàn 2 kú, àwọn tí ó farapa sì lé ní 500.

Báwo ni eré kẹ̀kẹ́ ṣe lè ṣe ènìyàn 500 léṣe? Ohun méjì ni ó fà á. Èkíní ni ìwúwo ọkọ̀. Èkejì ni ìwà àwa èrò fúnra wa.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ká ní ọkọ̀ ojú irin kan wúwo tó tọ́ọ̀nù 400, tí ó sì ń lọ ní kìlómítà 20 péré ní wákàtí kan. Agbára tí ó wà nínú rẹ̀ bá agbára ọkọ̀ akẹ́rù tọ́ọ̀nù 20 dọ́gba, bí ọkọ̀ akẹ́rù náà bá ń sáré ní nǹkan bíi kìlómítà 90 ní wákàtí kan. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí ọkọ̀ akẹ́rù tí ń sáré bẹ́ẹ̀ lójú títì, ẹ mọ̀ pé ògiri kì í dá a dúró. Ẹ tún mọ èyí: bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ kì í di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni í dà. Nítorí náà, díẹ̀ tí awakọ̀ bá fi kún eré rẹ̀ ní ẹnu ibùdó, kì í ṣe díẹ̀ rárá.

Ó kan ìwà èrò wàyí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ọ̀pọ̀ èrò ni ó wà lórí ìdúró. Ibùdó ti dé. Oníkálukú ti mú báàgì rẹ̀, wọ́n ti fún ara wọn pọ̀ sí ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n lè tètè bọ́ sílẹ̀. Ẹ rántí ìyá tí ó ru ìkòkò omi, tí ó wá fi ẹsẹ̀ kọ gbòǹgbò. Ẹsẹ̀ ìyá dúró, ṣùgbọ́n ìkòkò kò dúró, iwájú ni ó ń lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ara ènìyàn rí nínú ọkọ̀. Ọkọ̀ dúró lójijì, ara rẹ kò mọ̀ pé ọkọ̀ ti dúró. Ní eré kìlómítà 16, ìlù tí ẹni náà yóò lù mọ́ irin tàbí mọ́ ògiri ọkọ̀ dà bí ti ẹni tí ó já lulẹ̀ láti ibi tí ó ga tó mítà 1. Ká ní orí ni ó fi lélẹ̀ ńkọ́? Ká ní ènìyàn mẹ́wàá wà lẹ́yìn rẹ̀, tí gbogbo wọn sì já lé e lórí ńkọ́? Ẹni tí ó jókòó, tí ó sì fi ẹ̀yìn ti àga, kò ní irú ewu bẹ́ẹ̀.

Ní ìlú Buenos Aires, ní ilẹ̀ Ajẹntínà, ọ̀rọ̀ náà burú ju èyí lọ. Ìlú náà ní ibùdó kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Once. Àwọn èrò tí ń gba ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ a máa kó ara wọn jọ sí yàrá ọkọ̀ tí ó wà níwájú, nítorí pé iwájú ni ó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà àbájáde jù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 22, oṣù Kejì, ọdún 2012, ọkọ̀ kan wọlé, ènìyàn inú rẹ̀ lé ní 1,000. Eré rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kìlómítà 26 ní wákàtí kan lọ nígbà tí ó gbá ìdènà. Yàrá kejì ọkọ̀ wọnú yàrá èkíní. Ènìyàn 51 ni ó kú, àwọn tí ó farapa lé ní 700. Àwọn ẹbí àwọn tí ó kú kò dákẹ́. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́, wọ́n sì ń lọ síbẹ̀ títí di oṣù Kejìlá ọdún 2015, nígbà tí ilé ẹjọ́ dá awakọ̀ náà lẹ́bi. Kì í sì ṣe òun nìkan. Wọ́n dá àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ ọkọ̀ lẹ́bi pẹ̀lú, àti àwọn tí wọ́n ti wà nípò nínú iṣẹ́ ìrìnnà ìjọba, nítorí bí wọ́n ṣe fi àwọn ọkọ̀ náà sílẹ̀ láìtọ́jú wọn. Ẹ wò ó, ohun tí à ń pè ní kékeré, kò sí ẹni tí ó mọ ọjọ́ tí yóò di ńlá.

Kí ni ó wá ń fa irú ìjàǹbá yìí? A óò mú mẹ́ta nínú wọn.

Èkíní ni ìkánjú. Ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹwàá, ọdún 1895, ọkọ̀ tí ó ti Granville wá ń wọ ibùdó Montparnasse ní Paris. Ó ti pẹ́ ní ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, awakọ̀ sì ń sáré láti bá àkókò. Nígbà tí bíréèkì yóò ṣiṣẹ́, kò ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ. Ọkọ̀ gbá ìdènà, ó la gbọ̀ngàn ibùdó já, ó lu ògiri fọ́, ẹ̀rọ tí ń fà á sì já sí ojú pópó tí ó wà nísàlẹ̀. Àwọn èrò inú ọkọ̀ kò kú. Obìnrin kan tí ó wà ní ojú pópó, níbi tí ó ti ń ta ìwé ìròyìn ní ipò ọkọ rẹ̀, ni ó kú. Ẹ rí i pé ìkánjú awakọ̀, ẹni tí kò wọ ọkọ̀ rárá ni ó pa. Nítorí ìṣẹ́jú mélòó? Àwọn àgbà wa ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Èkejì ni yíyọ̀ irin. Àgbá irin ni ẹsẹ̀ ọkọ̀, irin náà ni ojú ọ̀nà rẹ̀. Bí irin bá tutù, tí ewé igi sì já sórí rẹ̀, tí ọkọ̀ ń tẹ ewé náà mọ́lẹ̀, ojú irin a máa yọ̀ bí ìgbà tí a da ọṣẹ sí i. Ní ọjọ́ 20, oṣù Kọkànlá, ọdún 2013, ní ìlú Chester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, awakọ̀ kan tẹ bíréèkì, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń yọ̀ lọ ni, títí ó fi gbá ìdènà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kọ́ awakọ̀ pé ní àkókò òjò àti àkókò tí ewé ń wọ́, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ bíréèkì láti ọ̀nà jíjìn.

Ẹ̀kẹta ni ó ṣe pàtàkì jù fún wa: oorun, àárẹ̀, àti àìsàn tí a kò mọ̀ pé a ní.

Ní òru ọjọ́ 24, oṣù Kẹta, ọdún 2014, kí agogo mẹ́ta tó lù, ọkọ̀ ojú irin kan wọ ibùdó tí ó wà ní pápá ọkọ̀ òfuurufú O'Hare ní Chicago. Oorun ti gbé awakọ̀ lọ. Ọkọ̀ fo ìdènà, ó sì gun àtẹ̀gùn tí ń gbé èrò lọ sókè. Àwọn tí ó farapa lé ní 30. Àwọn olùwádìí rí i pé iṣẹ́ òru tí àkókò rẹ̀ ń yí padà ti mú ara rẹ̀ ṣàárẹ̀.

Ní ọdún 2016, ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹsàn-án, ọkọ̀ mìíràn wọ ibùdó Hoboken, tí ó wà ní òdì-kejì odò sí New York. Ó yẹ kí eré rẹ̀ má ju kìlómítà 16 lọ ní wákàtí kan. Nǹkan bíi 34 ni ó ń bá bọ̀. Nǹkan tí ó wó lulẹ̀ níbi ìjàǹbá náà pa obìnrin kan tí ó dúró ní ibùdó, nǹkan bí 110 ènìyàn sì farapa. Kò tíì pé 100 ọjọ́, ní ọjọ́ 4, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2017, ọkọ̀ mìíràn tún gbá ìdènà ní Brooklyn, ní New York kan náà. Ẹnikẹ́ni kò kú níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí ó farapa lé ní 100. Wọ́n bi àwọn awakọ̀ méjèèjì léèrè. Kò sí èyí tí ó lè rántí bí ọkọ̀ rẹ̀ ṣe kan ìdènà.

Ṣé irọ́ ni wọ́n ń pa? Rárá. Nígbà tí àwọn oníṣègùn yẹ̀ wọ́n wò, àìsàn kan náà ni wọ́n bá lára àwọn méjèèjì. Àìsàn náà ni èyí tí ń dá èémí dúró lójú oorun. Ẹni tí ó ní i yóò sùn, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ yóò dí, èémí rẹ̀ yóò dúró fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà yóò ta gìrì, yóò sì mí kanlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, òun fúnra rẹ̀ kò sì ní mọ̀. Yóò rò pé òun ti sùn, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò sinmi. Ní ọ̀sán, oorun yóò máa gbé e lọ lórí ìjókòó. Àwọn awakọ̀ méjèèjì kò mọ̀ pé àìsàn náà wà lára àwọn títí ìjàǹbá fi ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀yin ìyàwó àwọn awakọ̀, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Awakọ̀ kò lè gbọ́ híhanrun ara rẹ̀. Ẹ̀yin ni ẹ ń gbọ́ ọ. Bí baba àwọn ọmọ bá ń hanrun kíkankíkan, tí èémí rẹ̀ ń dúró tí ó sì ń ta gìrì, tí ó ń jí pẹ̀lú orí fífọ́, tí ó sì ń tòògbé lọ́sàn-án, ẹ má fi ṣe àwàdà. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó lọ rí dókítà. Àìsàn yìí ní ìtọ́jú. Bí ó bá sanra, dídín ara kù ń ràn án lọ́wọ́. Ẹ̀rọ kékeré kan sì wà tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí imú ẹni lóru, kí ọ̀nà ọ̀fun má baà dí.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a di gbogbo ẹ̀bi ru awakọ̀ nìkan. Ènìyàn ni awakọ̀, ọjọ́ kan lè dé tí yóò ṣe àṣìṣe. Ní ọjọ́ 28, oṣù Kejì, ọdún 1975, ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ kan ní London kò dúró ní ibùdó Moorgate. Ó lu ògiri òpin ihò, ènìyàn 43 sì kú. Títí di òní, ẹnikẹ́ni kò mọ ìdí tí awakọ̀ kò fi tẹ bíréèkì, nítorí pé òun náà kú. Lẹ́yìn èyí, wọ́n fi ẹ̀rọ sí ojú irin ní àwọn ibùdó tí ó jẹ́ òpin ọ̀nà. Bí ọkọ̀ bá wọlé pẹ̀lú eré tí ó pọ̀ jù, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ni yóò fa bíréèkì. Ohun tí ọlọ́gbọ́n ń ṣe nìyẹn. Kì í kàn bá ẹni tí ó ṣubú wí, a máa kó òkúta kúrò lójú ọ̀nà pẹ̀lú.

Ẹ̀yin ará wa, òde òní, táksí, bọ́ọ̀sì àti alùpùpù ni púpọ̀ nínú wa ń gùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ọkọ̀ ń dúró sí ní ọjọ́ ọjà. Kí táksí tó dúró, ẹnìkan ti ṣí ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà nílẹ̀. Ìyá kan ti dìde nínú bọ́ọ̀sì pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ó ń na ọwọ́ sí ẹrù rẹ̀. Àwọn alábàárù ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀, wọ́n di ẹrù mú kí ẹlòmíràn má baà gbà á. Ìwà àwọn èrò Cannon Street náà nìyí. A ti fi sùúrù jókòó fún wákàtí mẹ́ta, ìṣẹ́jú kan tí ó kù ni a kò lè fi sùúrù dúró dè.

Nítorí náà, ohun tí a bẹ̀ yín láti ṣe nìyí. Bí ẹ bá wà lórí àga, ẹ jókòó títí ọkọ̀ yóò fi dúró pátápátá. Bí kò bá sí àga, ẹ di irin mú ṣinṣin, ẹ má sì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ gbé ọmọ sí itan, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Ẹ má gbé ẹrù wúwo sí ibi tí ó ti lè já lé ènìyàn lórí. Ẹ̀yin tí ẹ wá pàdé àlejò, ẹ má sún mọ́ ọkọ̀ títí yóò fi dúró. Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, ẹ má sọ fún awakọ̀ tí kò sùn pé kí ó tún padà lóru. Ẹ̀yin awakọ̀, bí oorun bá ń kùn yín, ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kí ẹ sùn díẹ̀. Ẹni tí ó pẹ́ délé ṣì délé.

Ìrìnàjò kò tíì parí nígbà tí a bá rí òrùlé ilé wa lókèèrè. Ìgbà tí ẹsẹ̀ wa bá kan ilẹ̀, tí ọkọ̀ sì ti dákẹ́, ni ó tó parí. Ó dìgbà kan náà o.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ ìkàwé:

1. Kí ni iṣẹ́ ìdènà òpin irin? Ṣé òun ni ó yẹ kí ó dá ọkọ̀ dúró?
2. Kí ló dé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi farapa ní London ní ọdún 1991, nígbà tí ọkọ̀ kò sáré?
3. Ẹ dárúkọ àmì mẹ́ta tí a fi ń mọ àìsàn tí ń dá èémí dúró lójú oorun.
4. Ní ibi tí ọkọ̀ ń dúró sí ní ìlú yín, kí ni ẹ lè jọ ṣe kí èrò má baà máa bọ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró?